Ihò Kékeré, Ilé Ńlá: Ìtàn Ìtọ́jú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ láti Ìbàdàn dé Fọlá Àgòrò

Ìfáàrà

Ẹrù tí ọ̀rọ̀ náà iṣan ń rù nínú èdè Yorùbá pọ̀. Iṣan ni okùn tó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan ni ohun tó le gan-an lápá alágbára. Iṣan náà tún ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà káàkiri ara. Nínú Bíbélì Yorùbá, iṣan tí a bá pàdé nínú ìran àwọn egungun gbígbẹ, ní orí 37 Ìwé Ìsíkíẹ́lì, ni èyí tó ń di egungun mú. Ẹ̀jẹ̀ kò gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sì ní òun ń wá iṣan ní apá aláìsàn, iṣan mìíràn ló ní lọ́kàn. Fún ìgbà pípẹ́, àdàpọ̀ yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, torí pé ìwọ̀nba ni ohun tí oníṣègùn ń ṣe nínú iṣan. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ìmọ̀ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í rán irinṣẹ́ gba inú iṣan lọ sí ọkàn, sí ọpọlọ àti sí ẹsẹ̀, láti ṣí ibi tó dí láìla ara.

Ìtàn irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àròkọ yìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ihò tí wọ́n ń lu sí ara kéré, kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ilé tó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ihò náà ló tóbi. Bí ilé yẹn ṣe pẹ́ kí ó tó dé, àti ibi tó kọ́kọ́ dé sí, ló ṣàlàyé ohun tó ń bá ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dí ní Fọlá Àgòrò lónìí.

Gbẹ́rẹ́ àti ìwo

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú ọgbẹ́ ńlá àti ihò kékeré tipẹ́. Olóólà ló ni abẹ, òun ló ń kọ ilà, òun ló ń dá ọmọ lábẹ́. Gbẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí èyí: wọ́n á sín in wẹ́wẹ́, wọ́n á fi oògùn ra á, kí oògùn lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìwo tún wà, ìyẹn ìwo ẹran tí wọ́n dá lu ní ṣóńṣó. Wọ́n á gbé e lé ojú gbẹ́rẹ́, wọ́n á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ìda dí ṣóńṣó náà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa sun sínú rẹ̀. Ní Èkó, àwọn onígbàjámọ̀ Hausa wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan a máa fẹ́ fi irú nǹkan báyìí ṣe ẹ̀rí pé kò sí ohun tí òyìnbó mú dé tí Yorùbá kò ní tẹ́lẹ̀. Ìfiwéra náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwo ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde ní awọ ara ni. Kò rìnrìn àjò nínú iṣan, kò sì ṣí ohunkóhun tó dí. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé mú níbẹ̀ ni pé èrò ìtọ́jú tó gba ihò kékeré wọlé kò ṣàjèjì sí aláìsàn Yorùbá. Ohun tó ṣàjèjì ni ibi tí irinṣẹ́ tuntun náà ń lọ.

Abẹ́rẹ́ ṣíwájú, okùn tẹ̀lé

Ní ọdún 1929, ní ìlú Eberswalde ní Jámánì, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan, Werner Forssmann, ti rọ́bà tín-ín-rín oníhò bọ iṣan ìgúnpá ara rẹ̀ títí tó fi dé ọkàn, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀. Rọ́bà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kátẹ́tà. Lọ́dún 1956 ni òun, André Cournand àti Dickinson Richards jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ti kátẹ́tà tó nípọn bọ iṣan, wọ́n ní láti kọ́kọ́ la ara kí iṣan náà hàn síta. Sven-Ivar Seldinger, ará Sweden, ló rí ọ̀nà tó rọrùn ní 1953: gún iṣan ní abẹ́rẹ́, ti wáyà rírọ̀ gba inú abẹ́rẹ́ náà, fa abẹ́rẹ́ jáde, kí o sì ti kátẹ́tà tẹ̀lé wáyà. Yorùbá ń fi gbogbo ẹnu sọ pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti òbí ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà pa, àmọ́ kò sí àpèjúwe tó bá ọgbọ́n Seldinger mu jù ú lọ.

Títí di ìgbà yìí, wíwò ni wọ́n ń fi kátẹ́tà wo inú ara. Charles Dotter, ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun ìtọ́jú. Wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 82 kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ ti fún pọ̀, egbò wà lẹ́sẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì ti ń kú. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Obìnrin náà kọ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1964, Dotter ti wáyà gba ibi tó fún náà kọjá, ó sì ń ti kátẹ́tà tó nípọn ju ara wọn lọ tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ọ̀nà fi là. Ẹsẹ̀ náà móoru padà, egbò rẹ̀ jiná, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Dotter àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Melvin Judkins, kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí lọ́dún kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Àwọn ará Yúróòpù ló gbà á mọ́ra.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Andreas Grüntzig ti kọ́ ọ. Bàlúùnù kékeré tí wọ́n lè fẹ̀ nínú iṣan ni Grüntzig fi rọ́pò kátẹ́tà Dotter; orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ní Zurich ló ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1977, ó fi ṣí iṣan ọkàn aláìsàn kan tí ojú rẹ̀ là kedere. Lọ́dún 1986, Jacques Puel ní Toulouse àti Ulrich Sigwart ní Lausanne fi sítẹ́ǹtì, ìyẹn àwọ̀n wáyà róbótó tó ń gbé ògiri iṣan dúró, sí ọkàn ènìyàn. Ọdún 1990 ni Juan Parodi ní Buenos Aires gba iṣan itan tún òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn ṣe.

Ojú ṣáájú ọwọ́ ní Ìbàdàn

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn ní 1957. Àrùn kan tó ń mú inú ọkàn yi, tí kì í jẹ́ kí ó lè gba ẹ̀jẹ̀ tó, gba àfiyèsí àwọn dókítà ibẹ̀ gidigidi. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi X-ray tọpa rẹ̀ ni W. P. Cockshott, onímọ̀ àwòrán inú ara. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó kọ̀wé lórí bí ọkàn tí àrùn náà ń bá jà ṣe ń rí bí wọ́n bá tú oògùn tí X-ray lè rí sínú rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ní àkókò kan náà tí Dotter ń la ọ̀nà ní Portland, irú iṣẹ́ àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti ń lọ ní Ìbàdàn. Ìtàn tó ń sọ pé ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di ọ̀rúndún yìí ní láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ojú ni ìmọ̀ náà jẹ́ ní Ìbàdàn. Ó pẹ́ kí ó tó di ọwọ́.

Kí ló fà á? Àìsàn tó wà níwájú dókítà ló kọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Wọn kì í sábà rí iṣan ọkàn tó dí lára àwọn ará Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń rí, àti ọkàn tó wú, àti ilẹ̀kùn ọkàn tó bàjẹ́ látàrí ibà ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkúgbé, tí ìwé rẹ̀ High Blood Pressure in the African jáde ní 1972, fi ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru sì rọrùn láti gbé dé ìletò: ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀, oògùn oníhóró, ìmọ̀ràn. Ìpinnu yìí tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú òní dá a lẹ́bi. Ìwádìí SIREN, tí Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2018, ṣì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru fún ogún ọdún a máa ba ògiri iṣan jẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a sì ràn án lọ́wọ́. Iṣan tó ti dí kò ní fi oògùn oníhóró nìkan là. Ní 1974, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Enugu lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu. Ìrètí pọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni náírà ṣubú, ètò SAP dé ní 1986, ọ̀pọ̀ dókítà sì kó ẹrù wọn lọ sókè òkun. Ní ọdún tí sítẹ́ǹtì kọ́kọ́ wọ ọkàn ènìyàn ní Yúróòpù ni owó tí ilé ìwòsàn Nàìjíríà lè fi ra ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé ńlá dé Èkó

Ilé ìwòsàn aládàáni ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà délẹ̀ ní Èkó. Ní 2014, Adéyẹmí Johnson, Bọ̀dé Fálàṣe àti àwọn akẹgbẹ́ wọn tẹ ìròyìn kan jáde nínú BMC Cardiovascular Disorders nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n fi bàlúùnù àti sítẹ́ǹtì tọ́jú ní ilé ìwòsàn Reddington ní Victoria Island, láàárín 2009 sí 2012. Ìwé náà ṣe pàtàkì fún òpìtàn torí pé ó jẹ́ kí a rí bí ilé náà ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀: ó dá dúró, láìní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọkàn tó lè fara tì bí nǹkan bá yíwọ́.

Ohun tí ilé bẹ́ẹ̀ ń jẹ pọ̀. Ẹ̀rọ X-ray gbọ́dọ̀ máa fi àwòrán tó ń lọ lọ́wọ́ hàn ní gbogbo ìgbà tí wáyà wà nínú iṣan. Bí iná bá lọ, dókítà di afọ́jú. Jẹnẹrétọ̀ nìkan kò tó, torí pé ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń gbà kí ó tó tanná ti pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ ń wọ aṣọ òjé. Wáyà, bàlúùnù àti sítẹ́ǹtì ní láti wà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń kó wọn wá. Gbogbo ìgbà tí dọ́là bá gbówó lórí ni iye wọn ń yí.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ́ Tristate, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamar Adélékè ń darí, dá ibùdó ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ní 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣí ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà.

Láti Fọlá Àgòrò

Fọlá Àgòrò wà láàárín Ṣómólú àti Bàrígà, kò sì jìnnà sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi mọ Ṣómólú jù: ẹni tó ń tẹ káàdì, ẹni tó ń gé bébà, ẹni tó ń di ìwé. Lórí ìdúró ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdúró pípẹ́ sì wà lára ohun tó máa ń mú kí iṣan ẹsẹ̀ wú, kí ó lọ́.

Gbàgádà wà nítòsí wọn. Victoria Island, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ náà ní Èkó, wà ní òdìkejì ọ̀sà, lẹ́yìn afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990. Ìlànà àgbáyé fún ọkàn tí iṣan rẹ̀ ṣàdédé dí ni pé kí bàlúùnù ṣí i láàárín 90 ìṣẹ́jú tí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn. Sunkẹrẹ-fàkẹrẹ lè jẹ ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn tán lórí afárá kí aláìsàn tó rí ẹnu ọ̀nà. Owó náà ń bẹ níbẹ̀: èyí tó lé ní ìdajì owó ìlera ní Nàìjíríà ni aláìsàn ń san láti àpò ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin NHIA ti 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan.

Ibi tí ẹsẹ̀ tó ti kú ń lọ sún mọ́ wọn ju ibi tí wọ́n ti lè gbà á là. Ìgbóbì, ilé ìwòsàn egungun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1943 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wà nítòsí Ṣómólú. Tipẹ́tipẹ́ ni ará àdúgbò ti mọ ohun tí ẹsẹ̀ gígé àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá jẹ́. Obìnrin Portland tó kọ̀ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun ní ohun mìíràn tó lè yàn. Alátọ̀gbẹ tó bá kọ̀ ní Fọlá Àgòrò sábà máa ń padà sílé lọ lo àgbo.

Èdè náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ dárúkọ apá àti ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru dárúkọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ dárúkọ ìtọ̀. Àyà tó ń dun ènìyàn a sì di ọgbẹ́ inú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Èkó. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tó dárúkọ ọ̀nà tó dí. Àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti gbé iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ jáde, ó sì dára fún ìwé ẹ̀kọ́. Lẹ́bàá ibùsùn, tí dókítà bá ní òun fẹ́ ti wáyà bọ iṣan, ẹni tí iṣan túmọ̀ sí okùn ẹran fún yóò rò pé wọ́n fẹ́ gún òun lẹ́ran ni, kò sì ní rí ìdí tó fi yẹ kí ó fọwọ́ síwèé. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni gbólóhùn tó lè yé e láìsí àlàyé gígùn. Kò sí ará Ṣómólú tí kò mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ọ̀nà bá dí.