Pèrègún: láti ààlà oko dé pálọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò wa, pèrègún inú ìkòkò tí ẹ ń tà fún àwọn ará Raji Rasaki Estate, ní Amuwo-Odofin, kì í ṣe òdòdó òyìnbó rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Kí Raji Rasaki tó di gómìnà Èkó ní 1988, kí ìwé ilẹ̀ tiẹ̀ tó dé, pèrègún làwọn baba wa ń gbìn sí ààlà oko, torí kì í tètè kú. Tí ìjà ilẹ̀ bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí. Ní 1762, Linnaeus ará Sweden kọ ọ́ sínú ìwé ewéko. Lónìí, ó ti wọ pálọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ọjà ti wà, àmọ́ a bẹ̀ yín, ẹ má hú ti ààlà tà o! Ẹ gé e ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kẹ́ ẹ rì í sínú iyẹ̀pẹ̀. Kùkùté á tún rúwé. Ẹ lu ihò sí ìdí ìkòkò. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó má fi sínú oòrùn gangan, kó sì jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ kó tó bomi rin ín. Omi àpọ̀jù ló ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà.

Ẹni tó hú pèrègún ààlà, ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ ló hú.