Ìtọ̀ Igbákejì Ààrẹ

Hubert Humphrey ni igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ nínú ìtọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1967. Wọ́n yẹ sẹ́ẹ̀lì inú ìtọ̀ náà wò, irú iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe ní láàbù. A ó rẹ sẹ́ẹ̀lì láró lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kóró inú sẹ́ẹ̀lì á tóbi, á dúdú, etí rẹ̀ á rí wúruwùru. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí òkúta inú àpò ìtọ̀ ti hàn léèmọ̀ náà lè jọ bẹ́ẹ̀. Èrò àwọn tó wo ti Humphrey kò ṣọ̀kan. Ó du ipò ààrẹ lọ́dún 1968, Nixon borí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1976, jẹjẹrẹ ti wọ ẹran àpò ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n yọ àpò náà, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1978.

Kò tíì sẹ́ni tó mọ p53, jíìnì tó máa wá yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà náà. Ọdún 1979 ni wọ́n rí i, wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé òun ló ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ó di 1989 kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni jíìnì yìí: sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ bá bàjẹ́, kì í jẹ́ kó máa bí sí i. Lọ́dún 1991, David Sidransky, Bert Vogelstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Johns Hopkins yẹ kókó jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ 18 wò. P53 ti bàjẹ́ nínú 11. Wọ́n tún wá a nínú ìtọ̀ mẹ́ta lára àwọn aláìsàn náà, wọ́n sì rí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́dún 1994 ni Sidransky àtàwọn mìíràn padà sórí sẹ́ẹ̀lì Humphrey ti 1967. Lẹ́tà DNA kan ti yí padà nínú p53 rẹ̀, lẹ́tà náà gan-an ló sì yí padà nínú jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ lọ́dún 1976. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi wà níbẹ̀!

Ẹni tó tọ́jú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ló máa ń wù mí kí n kí jù, torí kò sí bó ṣe lè mọ ohun tí wọ́n máa wúlò fún. Bí wọ́n bá ti fẹ́ da àwọn gíláàsì àtijọ́ nù níbi iṣẹ́ wa nítorí àyè, ìtàn yìí ni mo fi ń gbèjà wọn.

Síbẹ̀, méje nínú 18 yẹn kò ní àbùkù p53 kankan. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò jíìnì yìí nìkan kò fi tó, tí dókítà ṣì ń ti awò tínínrín gba ojú ìtọ̀ wọlé láti fojú ara rẹ̀ wo inú àpò náà.