Oníkàn: Ọgbà Ẹ̀wọ̀n, Mọ́tò Dúdú àti Omi tí Dókítà Randle Gbẹ́ fún Ọmọ Èkó



Ní Sátidé kan, àwa mẹ́rin kó ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn lọ sí Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ni wọ́n, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n wa ló bẹ̀ wá pé kí a jọ̀ọ́ kó wọn kúrò nílé kí òun lè rójú sùn. Eré la rò pé a ń lọ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa padà délé, ìbéèrè tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bi wá ti pọ̀ ju èyí tí a lè dáhùn lọ, ló bá di pé a ń lọ kàwé.

Tí ẹ bá bi àwọn òbí wa pé níbo ni wọ́n ń mú ọmọ lọ nígbà ọdún láyé ìjọ́sí, Bar Beach ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ: iyanrìn, súyà, ẹṣin tí wọ́n ń gbé ọmọ gùn kí wọ́n lè ya fọ́tò. Etí òkun yẹn kan náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè níṣojú ọ̀pọ̀ èrò láti ọdún 1971. Àwọn èèyàn kàn fi ọ̀ràn méjèèjì sí ibì kan náà, wọ́n ń bá ayé wọn lọ. Lónìí, iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́ Eko Atlantic ti bo ibẹ̀, inú fọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ìwòyí ti mọ̀ ọ́n. Tarkwa Bay ṣì wà fún ẹni tí kò bá bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi. Ìyá àwọn ọmọ ní ká má dán an wò, nítorí náà, Oníkàn ló kù.

Freedom Park la kọ́kọ́ yà sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé àwọn òyìnbó. Ọdún 1882 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, amọ̀ àti koríko ni. Iná jó o. Ní 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti ìlú wọn, wọ́n tún un kọ́. Ìtàn ọgbà náà sọ pé 16,000 pọ́ùn ni ìjọba ná sórí ẹ̀wọ̀n yìí, nígbà tí gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀kọ́ ní Èkó lọ́dún yẹn jẹ́ 700 pọ́ùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ka nọ́ńbà méjèèjì. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà lọ́dún 1979, ilẹ̀ ibẹ̀ sì di ààtàn fún ọjọ́ pípẹ́, kí ayàwòrán ilé nì, Theo Lawson, tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún.

Àwọn ọmọ sáré wọ inú àwọn yàrá kéékèèké tó ṣẹ́ kù, wọ́n ń ṣe bojúbojú. Àbíkẹ́yìn wọn bi wá pé, “Bùrọ̀dá, ṣé àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibí náà máa ń ṣe bojúbojú?” A wo ara wa lójú. Ẹni tó gbójú jù nínú wa ní, “Rárá, wọn ò ríbi sá sí.” Ó ní, “Kí ni wọ́n ṣe?” A ní ọ̀kan kọ ohun tí ìjọba ò fẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Kò yé e. Kò yé àwa náà dáadáa.

Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Kenneth Murray, òyìnbó tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, ló ṣe wàhálà rẹ̀ títí wọ́n fi ṣí i ní 1957. Orí amọ̀ Nok àti iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ wà níbẹ̀, àwa ọmọ ẹ̀ka èdè Yorùbá sì ti múra àlàyé sílẹ̀. Àwọn ọmọ ò gbọ́ ọ. Mọ́tò dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí nínú ní February 13, 1976 ni wọ́n lọ dúró tì, wọ́n ń ka ihò ọta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an ni ibi ìlúwẹ̀ẹ́ Randle, tó wà ní àdúgbò kan náà. Dókítà John Randle jẹ́ ọmọ Sàró, wọ́n bí i ní Sierra Leone ní 1855, Edinburgh ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Victoria Davies, ìyàwó rẹ̀, ni ọmọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré tó wá dèrò ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Òun àti Dókítà Ọbasá ló dá People's Union sílẹ̀ ní 1908, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó omi àti ilẹ̀ ń dá wàhálà sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ Macaulay borí tiwọn nínú ìbò. Ẹ ò rí i pé àwọn méjì tí òṣèlú yà nípá ni orúkọ wọn wá pàdé ní àdúgbò kan, ọ̀kan lára ògiri ẹ̀wọ̀n, èkejì létí omi.

Èkó tí ọ̀sà àti òkun yí ká, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ríbi tí wọ́n ti lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ láìfi ẹ̀mí wewu. Ìjọba amúnisìn kọ̀, wọn ò gbẹ́ omi kankan fún aláwọ̀ dúdú. Randle bá fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Ọdún 1928 ni ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà jẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni dókítà kú. Nínú gbogbo ibi tí a yà sí lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni wọ́n ti torí ará ìlú àti ọmọ wọn kọ́ láti ìpilẹ̀.

Ó bàjẹ́ nígbà tó yá, wọ́n sì pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé tuntun tó wà níbẹ̀ báyìí, tó jẹ́ ti àṣà àti ìtàn Yorùbá, orúkọ Randle náà ló ń jẹ́, Ààrẹ Buhari ló ṣí i ní January 2023, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà lára iṣẹ́ àtúnkọ́ náà. Inú wa dùn nígbà tí a rí èdè wa lára ògiri, a kà á sókè pẹ̀lú àmì ohùn títí àwọn ọmọ fi ń fi wá ṣẹ̀rín. Síbẹ̀, ohun tí dókítà fi sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ògiri. Ó fẹ́ kí ọmọ Èkó mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Nínú àwa mẹ́rin, ẹyọ ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ti kọ́ ọ, kò sì jẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ títí di òní.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wa ò béèrè nípa Macaulay mọ́ lójú ọ̀nà. Ó ní ọjọ́ wo lòun máa wọ inú omi. A jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n wa. Ó ní òun ti gbọ́, pé ta ló máa dúró ṣọ́ ọ. Ọmọ náà ṣì ń pè wá lórí fóònù ìyá rẹ̀ láti béèrè ọjọ́.