Gbọ̀ngàn Mápó nínú Ìtàn Ìṣèlú Ìbàdàn

Orí Òkè Mápó ni gbọ̀ngàn ìlú Ìbàdàn wà, pẹ̀lú àwọn òpó gàgàrà rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Ross jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àgbà fún Ẹkùn Ọ̀yọ́. Lásìkò yìí, abẹ́ Aláàfin ni ìjọba amúnisìn fi Ìbàdàn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú jagunjagun tí ó ti jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni. Ilé tí ń wo ìlú láti òkè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ìpàdé lásán. Àmì agbára ìjọba ni.

Ṣùgbọ́n bí ìgbà ti ń yí ni ìtumọ̀ ilé náà ń yí. Ní 1934, Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ àkóso Ọ̀yọ́. Ní 1936, oyè Baálẹ̀ di Olúbàdàn. Mápó náà wá di ibi tí a ti ń gbé ọ̀pá àṣẹ fún Olúbàdàn: Adétúnjí ní 2016, Balógun ní 2022, Ọlákùlẹ́hìn ní 2024, Ládọjà ní 2025. Àwọn ará ìlú sì ń ṣe ìgbéyàwó àti àpèjẹ níbẹ̀.

Ní àgbálọgbábọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́lé nìkan ni ó ń fún ilé ní ìtumọ̀. Àwọn tí ń lò ó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá sọ Mápó di ilé àpèjẹ nìkan, tí a kò kọ́ ọmọ ní ìtàn rẹ̀, òkúta lásán ni yóò kù lórí òkè.