"With": Ọ̀rẹ́ Ni àbí Ọ̀tá?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kó mi sí ìyọnu.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ìjà kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí a jáde lọ ṣeré. Àwọn kan fẹ́ lu ọ̀rẹ́ mi, mo sì gbè é. Tísà ní kí kálukú kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kọ ọ́ pé: "I fought with my friend." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí tísà kà ni pé mo bá ọ̀rẹ́ mi jà. Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n nà mí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni "with" ti tàn jẹ. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "wið" ni wọ́n ń kọ ọ́, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń fi í sọ ni pé ẹnìkan kọjú sí ẹlòmíràn, tàbí pé ó dojú ìjà kọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹni méjì jọ wà pọ̀, "mid" ni wọ́n ń lò. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti "mit" tí àwọn ará Jámánì ń sọ títí dòní.

Díẹ̀díẹ̀ ni "with" gba iṣẹ́ mọ́ "mid" lọ́wọ́, títí tí "mid" fi pòórá. Ibi tí ẹ ti lè rí àmì rẹ̀ ni "midwife": obìnrin tó wà pẹ̀lú ẹni tó ń rọbí. "Wife" nígbà náà kò ju obìnrin lọ, kò dìgbà tó bá jẹ́ ìyàwó ẹnìkan. Ṣùgbọ́n "with" kò gbàgbé ìwà àárọ̀ rẹ̀. Nínú "withstand", ó ṣì ń kojú èèyàn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. "Bá" tiwa ńkọ́? Ó bá mi jẹun. Ó bá mi ṣeré. Ó bá mi wí. Ó bá mi jà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣe ọ̀rẹ́ tó tún ń ṣe ọ̀tá! Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. "Bá" náà ni kéèyàn dé ibi tí ẹnìkan wà: mo bá a nílé. Ẹni tó fẹ́ báni jẹun àti ẹni tó fẹ́ báni jà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ báni níbi tí a wà.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ojú méjì, àwọn baba wa ní Èkìtì sì mú irú wọn sọ orúkọ. Láàárín 1877 sí 1893, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀ kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, nítorí ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn. Kí ni wọ́n pe ara wọn? Èkìtì Parapọ̀. Ẹ tú u wò: pa ara pọ̀. Ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti di ara kan.

Ogun parí, òyìnbó gorí àlééfà. Ní 1900, Major Reeve-Tucker pe àwọn ọba Èkìtì jọ sí ìgbìmọ̀ kan. Orúkọ tí a mọ àwọn ọba náà sí títí dòní ni Pẹ̀lúpẹ̀lú, àwọn mẹ́rìndínlógún. Ẹlẹ́kọ̀lé ti Ìkọ̀lé wà lára wọn, Ọlọ́yẹ́ ti Ọ̀yẹ́ wà níbẹ̀, Olójùdó ti Ìdó náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ bí "pẹ̀lú" ṣe dún lẹ́ẹ̀mejì nínú orúkọ yẹn. Nínú "pẹ̀lú", kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé ẹni tó pe ìpàdé. Àwọn ọba wà pẹ̀lú ara wọn, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjọba òyìnbó ni. "Pẹ̀lú" wà nínú orúkọ, "lábẹ́" kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ "lábẹ́" ló ń darí ìpàdé.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ báyìí: "Mo jà pẹ̀lú ẹ̀ lánàá." Ohun tí a ní lọ́kàn ni "mo bá a jà". "With" la tú bẹ́ẹ̀, a sì ti ń kó ojú méjì rẹ̀ ran "pẹ̀lú". Bí ó bá ń lọ báyìí, lọ́jọ́ kan ọmọ wa á gbọ́ "Pẹ̀lúpẹ̀lú", á sì bi wá pé ta ni àwọn ọba náà ń bá jà.

Tó bá jẹ́ pé Yorùbá ni tísà mi ní kí n kọ lọ́jọ́ yẹn, "mo gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi" ni ǹ bá kọ, ẹgba kankan kì bá tí kàn mí.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ máa wà pẹ̀lú wa. Ojú kan ṣoṣo ni "pẹ̀lú" tiwa yìí ní.