Adé Ìlẹ̀kẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Àmì Ìlú Ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Adé ìlẹ̀kẹ̀ ni olórí àmì tí a fi ń dá ìlú aládé mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, níbi tí Ajerò ti ń jọba ní Ìjerò, tí Alárá wà ní Àrámọ̀kọ, tí Aláayè sì wà ní Ẹ̀fọ̀n, adé ló ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ Odùduwà ni ìdílé ọba ti ṣẹ̀ wá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni asà aláwòrán ń ṣe fún àwọn ẹkùn ilẹ̀ Jámánì. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún 12 ni àwọn jagunjagun Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ya àmì ìdílé sára asà. Ó wúlò láti dá ẹni tí akoto irin bo ojú rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó yá, àmì ìdílé di ti ilẹ̀. Àwòrán funfun àti búlúù tí ìdílé Wittelsbach jogún lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Bogen ní 1242 ṣì wà nínú àmì Bavaria, ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn ilẹ̀ Jámánì, títí dòní.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lókìkí fún iṣẹ́ adé, ìdílé Adéṣínà níbẹ̀ sì ti ṣe adé fún ọ̀pọ̀ ọba. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ hun egungun adé ní ṣóńṣó, á fi aṣọ tó ti rì sínú ògì bò ó, á sá a sóòrùn kó le. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ náà ló ń fọwọ́ mọ di imú, ojú àti ẹnu. Lẹ́yìn náà ni yóò sín ìlẹ̀kẹ̀ sówùú, tí yóò sì rán an mọ́ ọn ní ìlà-ìlà. Wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, ṣùgbọ́n Yúróòpù ni ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ púpọ̀ ti ń wá, ó sì pọ̀ gan-an ní ọ̀rúndún 19.

Gbogbo ẹ̀yà ara adé ló ní ìtumọ̀. Ojú tó wà níwájú rẹ̀ dúró fún Odùduwà tàbí àwọn ọba tó ti wàjà. Ìbòjú tó rọ̀ wálẹ̀ ń bo ojú ẹni tó dé e, kí ará ìlú má baà wo ènìyàn bí kò ṣe ipò. Oògùn wà nínú orí adé, nítorí náà ọba kò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀. Ẹyẹ orí ṣóńṣó, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀kín, ń tọ́ka sí agbára àwọn ìyá, tí ọba kò lè jọba láìsí ìtìlẹ́yìn wọn.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n, fi èyí hàn lára òpó tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọba jókòó, ẹyẹ wà lórí adé rẹ̀, olorì àgbà sì dúró gbọnrangandan lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ. Òpó náà wà ní Chicago báyìí. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin kan náà, tó fi Ògògà hàn níbi tó ti ń gba òyìnbó lálejò, ni wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì di ti ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí adé? Nígbà tí Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀pẹ́ dé adé, MacGregor, gómìnà òyìnbó ní Èkó, pe Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Adélẹ́kàn Olúbùṣe Kìíní, wá sí Èkó ní 1903, kó wá sọ ẹni tí adé tọ́ sí. Ọọ̀ni ní kò tọ́ sí Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, nítorí Ifẹ̀ kò fún un. Lónìí, gómìnà ìpínlẹ̀ ló ń fún ọba ní ọ̀pá àṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò rọ́pò adé. Ìdílé lásán ló kọ́kọ́ ni àmì Bavaria kó tó di ti gbogbo ìlú. Adé ní tirẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ti ọba kan ṣoṣo. Bí ọba bá wàjà, adé á dúró de ẹni tí àwọn afọbajẹ máa yàn, nítorí ìlú ló ni ín.