Jíìnì Kì í Ṣe Jini

Ẹni tó bá ń gbé Sókótó á tètè mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ ká máa pe "gene" ní "jíìnì" lédè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àyálò náà kò lẹ́ṣẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n "jini" ni àwọn Háúsá ń pe ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀, lẹ́ka àrùn ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, pé jíìnì rẹ̀ ti yí padà, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbọ́. "Àbímọ́", tí àwọn kan ti ń lò, ni mo fara mọ́: ohun tí a bí mọ́ni.

"Mùdùnmúdùn eegun", fún "bone marrow", ò nílò àríyànjiyàn. Ẹni tó ti fa eegun ẹsẹ̀ màlúù mu mọ̀ ọ́n, bí àwọn olóṣèlú tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun tí ìjọba ń pín. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Orí mẹ́táìlì ni wàhálà wà. Kábọ́ọ̀nù kan àti háídrójìn mẹ́ta ni. Bó bá lẹ̀ mọ́ DNA níbi tí àbímọ́ ti bẹ̀rẹ̀, àbímọ́ náà lè dákẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní p15 kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i láìníjàánu. Nínú àrùn mùdùnmúdùn tó ń jẹ́ MDS, mẹ́táìlì sábà máa ń pa p15 lẹ́nu mọ́, àwọn olùwádìí sì ti so èyí mọ́ bí àrùn náà ṣe ń di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Kí la ó wá pe iṣẹ́ tí mẹ́táìlì ń ṣe yìí? "Ìfi-èròjà-mẹ́táìlì-kún-àbímọ́-lára" kì í ṣe ọ̀rọ̀, gbólóhùn tí wọ́n fi àmì so pọ̀ ni. Àwọn tó kórìíra àyálò tilẹ̀ fẹ́ ká túmọ̀ mẹ́táìlì fúnra rẹ̀. Wọn ò rántí pé Dumas àti Péligot, àwọn ará Faransé tí orúkọ náà ti ọwọ́ wọn wá ní nǹkan bí 1835, Gíríìkì ni wọ́n lọ yá: ọtí àti igi. Ṣé ká wá sọ fún aláìsàn pé ọtí igi wà lára àbímọ́ rẹ̀? Ẹ fi mẹ́táìlì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ kó jẹ́ tiwa.

"Dé" ni mo yàn. À ń dé fìlà, à ń dé ìkòkò. Ti fìlà ń sọ pé nǹkan wà lórí. Ti ìkòkò ń sọ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ò ráyè jáde. Mẹ́táìlì ń ṣe méjèèjì. Ìdémẹ́táìlì nìyẹn, ó sì ń bímọ: àdéjù fún èyí tó kọjá ààlà, ìṣímẹ́táìlì fún yíyọ rẹ̀, torí à ń ṣí fìlà, à ń ṣí ìkòkò. Adé ọba pàápàá, inú "dé" ló ti wá.

Azacitidine, oògùn MDS tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004, á wá jẹ́ aṣímẹ́táìlì. Onímọ̀ á ní oògùn náà kì í ṣí nǹkan kan. Ẹ́ńsáìmù tó ń dé mẹ́táìlì ló ń há mọ́lẹ̀, kí DNA tuntun lè wà láìdé. Òótọ́ ni. Ẹ pè é ní adènàdé.

Àmì tó ń jẹ́ kí dókítà fura sí ibi tí àrùn ń lọ ńkọ́? "Àsọtẹ́lẹ̀" ni ọ̀pọ̀ ń sáré kọ. Mi ò gbà. Wòlíì ní í sọ àsọtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbààwẹ̀ lé e lórí. Àdéjù p15 kò mọ ọjọ́ọ̀la ẹnì kan. Bó ṣe sábà ń rí fún àwọn tó ní irú rẹ̀ ló ń sọ. Atọ́ka ìrìn àrùn tó mi. Àní IPSS-M, òṣùwọ̀n MDS tó jáde ní 2022, ka àyípadà inú DNMT3A, àbímọ́ tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù adémẹ́táìlì, ṣùgbọ́n kò ka ìdé náà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.